Ẹni Tó Yẹ Ká Fi Ṣe Olórí Ẹ̀ka Ìṣirò

  

Àwọn onílé-ìwé, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé girama, àti àwọn òbí tó wà nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ tòní dìídì bá wí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí ẹ̀ka ìṣirò nílé-ìwé girama, ẹni tí àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé ń pè ní HOD Mátíìsì.

Tí oṣù kẹjọ bá ti ń rẹ̀yìn, tí ìwọlé tuntun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbà náà ni ìkéde máa ń pọ̀ lára ògiri, lẹ́nu géètì ilé-ìwé àti lórí WhatsApp. Ẹ ó kà á pé ilé-ìwé báyìí-báyìí ń wá olùkọ́ ìṣirò tó dáńgájíá, tó gboyè yunifásítì, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, tó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé A1 ni àwọn ọmọ yóò máa gbà nínú WAEC. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á ti rí ẹnì kan gbà. Wọ́n á kó SS 3 fún un, wọ́n á gbé orúkọ HOD lé e lórí, ó parí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìkéde yẹn wò. Ẹni tó mọ ìṣirò ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹni náà lè mú kí olùkọ́ mìíràn mọ ìṣirò ọ́ kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ olórí ẹ̀ka gan-an nìyẹn. Ká sọ pé kíláàsì méjìlá ló wà nílé-ìwé yín, JSS 1 dé SS 3, méjì-méjì. Bó ti wù kí HOD mọṣẹ́ tó, agbára káká ni apá rẹ̀ á fi ká kíláàsì mẹ́rin. Mẹ́jọ tó kù ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì: àgùnbánirọ̀ tó wá sìnlú fún ọdún kan péré, olùkọ́ fisíìsì tí wọ́n ní kó fi ìṣirò kún iṣẹ́ rẹ̀, ìyá kan tó ti ń kọ́ JSS 1 láti bí ogún ọdún. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú ọmọ yín wà. Ẹni tí yóò máa bá wọn gbé iṣẹ́ yẹn lẹ ń wá, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó mọ ìṣirò jù lọ nínú ọgbà lè má jẹ́ ẹni tí ipò náà tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára púpọ̀. Yálà ọmọ fẹ́ di dókítà ni o, tàbí ẹnjiníà, tàbí oníṣirò owó, kírẹ́díìtì ìṣirò ni wọ́n máa bi í léèrè kó tó wọ yunifásítì. C6 ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Èyí tó bá ti já sí D7, ẹbí á tún forí ṣe fọrùn ṣe, wọ́n á tún san owó ìdánwò mìíràn, ọmọ á sì jókòó sílé fún ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdánwò WAEC yẹn wò díẹ̀. Ìwé kìíní, ìbéèrè 50 ni, ọmọ yóò mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Ìwé kejì ni ibi tí ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ jáde, wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Ìbéèrè márùn-ún wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo wọn, máàkì 40 ló wà lórí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́jọ mìíràn wà tó gùn tó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ á mú márùn-ún nínú rẹ̀ fún máàkì 60. Àwọn ọ̀ranyàn yẹn ni kí ẹ fojú sí. Wọn ò le. Ìdá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, wíwá iye X, igun àti ìlà: ohun tó jẹ́ pé JSS ni ọmọ ti kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn tó ń máàkì ìdánwò yìí ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé àwọn ọmọ kì í lè sọ ìbéèrè ọlọ́rọ̀ di ìṣirò, pé jọ́mẹ́tìrì òbìrìkìtì ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ tó bá kọsẹ̀ ní JSS 1, tí ẹnikẹ́ni ò gbé e dìde, yóò máa ru ìkọsẹ̀ yẹn lọ fún ọdún mẹ́fà. Tí ó bá wá dé SS 3, ẹ ó gba akọni kan pé kó wá fi oṣù mẹ́jọ tún ọdún márùn-ún ṣe. Ta ló ṣeé ṣe fún?

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wá ńkọ́? Èyí tí a mọ̀ ni kí ẹni tó ń wáṣẹ́ wọlé, kó jókòó, kí wọ́n ní kó sọ nípa ara rẹ̀, kí wọ́n wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n bi í pé èló ló ń fẹ́ gbà. Ẹni tó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ ló máa ń jẹ ẹ́.

Ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn ṣe é lọ́nà mìíràn, wọ́n sì pè mí kí n wá bá wọn jókòó. Púrínsípà wà níbẹ̀, aṣojú àwọn òbí wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò kíkọ́ náà wà níbẹ̀. Màmá yìí ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbàyè lọ́wọ́ òbí ọmọkùnrin méjì kan ní JSS 1, tí àwọn méjèèjì ń ṣe àṣìṣe kan náà: ìdajì, ẹ ro ìdá kan nínú mẹ́ta mọ́ ọn, wọ́n ní ìdá méjì nínú márùn-ún ni. Wọ́n ro òkè mọ́ òkè, wọ́n ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Màmá ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tó wá fún iṣẹ́ náà mú ọmọ kan, kó bá a ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dán. Ó wo iṣẹ́ ọmọ, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó fa pátákó mọ́ra, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá LCM, ó jẹ́ 6, ìdajì di mẹ́ta lórí mẹ́fà, ìkejì di méjì lórí mẹ́fà, àpapọ̀ márùn-ún lórí mẹ́fà. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà. Ọmọ náà dà á kọ, ó ní ó ti yé òun, sà. Màmá wá rọra ní kí ọmọ náà ro ìdajì mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ kọ méjì lórí mẹ́fà.

Obìnrin kan ló tẹ̀ lé e. Ìwé ẹ̀rí NCE ló kọ́kọ́ gbà kó tó lọ yunifásítì. Ó jókòó ti ọmọ kejì, ó ní, "Báwo lo ṣe ṣe é, ṣàlàyé fún mi." Ọmọ ṣàlàyé. Olùkọ́ kò sọ pé ó tọ̀nà, kò sì sọ pé kò tọ̀nà. Ó ní, "Jẹ́ ká fi owó ṣe é. Tí mo bá ní 600 náírà, tí mo fún ẹ ní ìdajì ńkọ́?" Ọmọ ní 300. "Tí mo tún fún ẹ ní ìdá kan nínú mẹ́ta 600 yẹn?" Ọmọ ní 200. "Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ báyìí?" Ó ní 500, mà. Olùkọ́ wá ní, "Ó dáa. Ìdáhùn tìẹ ni ìdá méjì nínú márùn-ún. Bá mi wá a nínú 600." Ọmọ ronú títí, ó pín in sí márùn-ún, ó rí 120, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó kọ 240. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé. Ó ní, "Mà, ó kéré." Olùkọ́ ní ó kéré ju kí ni lọ? Ọmọ ní, "Ó kéré ju ìdajì tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún mi lọ."

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ yìí tó mẹ́nu ba LCM. Nígbà tí Màmá bi ọmọ yìí ní ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́rin, kò yára kọ nǹkan kan. Ó béèrè bóyá òun lè fi owó dán an wò ná.

Mi ò sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ kò níṣẹ́. Ẹ fún un ní SS 3 tó ti mọ ohun tó ń ṣe, yóò gbé wọn dókè. Ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka gbọ́dọ̀ lè fi han olùkọ́ mìíràn pé àṣìṣe ọmọ ní orísun, pé ọmọ ló máa fẹnu ara rẹ̀ júwe orísun ọ̀hún tí a bá bi í. Ẹni tí kì í béèrè kò lè kọ́ ẹlòmíì ní bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Ìdánwò kejì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn wú mi lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ṣe bí ẹni pé òun ni olùkọ́ JSS 2. Ó mú ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ kan jáde, òfin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fa ìlà sí nídìí: máínọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì, púlọ́ọ̀sì ni. Ó ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ka ìwé òun, kó sì bá òun sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí HOD. Gbogbo olùkọ́ ìṣirò mọ ohun tí òfin yìí máa ń fà. Tí ẹ bá sọ 3 tó ní máínọ́ọ̀sì níwájú di ìlọ́po 5 tó ní máínọ́ọ̀sì níwájú, lóòótọ́, púlọ́ọ̀sì 15 ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá wà ní máínọ́ọ̀sì 3, tí ẹ tún ní kó yọ 5 kúrò, máínọ́ọ̀sì 8 ló yẹ kó bá a. Ọmọ tó ti há òfin yẹn sórí yóò rí máínọ́ọ̀sì méjì, yóò sì kọ púlọ́ọ̀sì 8 láìwẹ̀yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ní kí Màmá lọ tún ìwé náà kọ, pé òfin yẹn kò péye. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ará, ẹni ogójì ọdún kọ́ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta nílẹ̀ Yorùbá kó sì rí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ gbà. Màmá á dáhùn pé ó ti yé òun, á sì máa kọ́ ohun tó ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kúnlẹ̀ kí Màmá ná. Ó ní, "Mà, mo ka ìwé yín, ó mọ́ tónítóní. Ohun kan ni mo fẹ́ ká jọ wò. Táwọn ọmọ bá dé ibi tí wọ́n ti máa yọ 5 kúrò nínú máínọ́ọ̀sì 3, kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ?" Màmá ronú, ó ní wọ́n á kọ 8. "Báwo la ṣe máa ṣe é, mà, tí wọn ò fi ní kọ ọ́?" Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà nọ́ńbà sórí ìwé. Màmá tó ń ṣeré náà ti gbàgbé pé eré ni.

Ohun tí mo ń wí nìyẹn. Ọ̀wọ̀ àti òtítọ́ lè jọ gbé pọ̀, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń dì wọ́n mú lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí olórí ẹ̀ka nìkan ló lè tún ṣe. Ní JSS 2, olùkọ́ ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wá X. Ó ní: tí nọ́ńbà bá ti sọdá àmì dọ́gba-dọ́gba, kó yí àmì rẹ̀ padà, púlọ́ọ̀sì di máínọ́ọ̀sì. Ọmọ gbà á bí àṣẹ. Ó dé SS 1, olùkọ́ mìíràn ní irọ́ ni, kò sí ohun tó ń sọdá, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la ti ń yọ iye kan náà kúrò. Olùkọ́ SS 1 ló sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ ò mọ èyí tí ì bá gbà, ló bá ń fi àbọ̀ ti ìhín lú àbọ̀ ti ọ̀hún. HOD tó dáa á pe àwọn olùkọ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ láti JSS 1 títí dé òkè. Ẹ fi í ṣe ìbéèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: kí ni ẹ ó ṣe tí olùkọ́ méjì bá ń kọ́ ohun kan náà lọ́nà tó takora? Ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn.

Ilẹ̀ yìí ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gbàgbé olùkọ́. Ní 1962, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Entebbe ní Uganda, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìṣirò tuntun fáwọn ilé-ìwé wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Grace Alele-Williams wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ètò yẹn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gboyè ọ̀mọ̀wé, ní Yunifásítì Chicago ní 1963, òun náà sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá yunifásítì lórílẹ̀-èdè yìí, ní Benin, ní 1985. Kí ó tó di gbogbo ìyẹn, níwájú àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé girama ló ti kọ́kọ́ dúró, ní Queen's School, Ẹdẹ. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ilẹ̀ Ọ̀ṣun ló ti mú ṣọ́ọ̀kì. Ìṣirò inú ìwé Entebbe yẹn, ìṣirò ìgbàlódé tí wọ́n pè é, wọ ilé-ìwé wa, ìwé dé, ọ̀rọ̀ tuntun dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ò rí ẹni kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Àwọn òbí figbe ta. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ ní ká pa á tì. Èrò tèmi ni pé ìwé yẹn kọ́ ló burú jù. Ká ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó ń bá àwọn olùkọ́ yòókù jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ dán èdè wò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tìṣirò-tìṣirò, ó sì yọrí sí rere. Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe WAEC. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ náà fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá ọmọ kan, tó ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ìdí tí ọmọ rẹ̀ ò fi mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àti ohun tí òun náà lè ṣe sí i nílé. Olùkọ́ tí kò bá lè sọ ọ́ kí ìyá yẹn lóye, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ò lóye rẹ̀ dénú.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹni náà ní oyè nínú ìṣirò tàbí nínú ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ ìṣirò, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ TRCN tí òfin ti gbé kalẹ̀ láti 1993. Ẹnjiníà tó wá di olùkọ́ lè dáa gan-an tó bá ti fara balẹ̀ gba PGDE. Ẹ má sì fojú tín-ínrín ẹni tó bẹ̀rẹ̀ látorí NCE. Bí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ ti máa rí wọn, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìṣirò ní àwọn yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní Òǹdó, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìjagun nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wo inú ẹgbẹ́ STAN, tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì dá sílẹ̀ ní 1957. Olùkọ́ tó ń fi ìsinmi rẹ̀ lọ sí ìpàdé wọn kì í ṣe ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ńkọ́? Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2022 sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ lọ sí 65; ẹni 60 ọdún ṣì lágbára. Ẹ lè mú irú wọn kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa kọ́ HOD tuntun níṣẹ́.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ òjóòró láìfi bò. Ẹni tó bá ní gbogbo ọmọ tí òun kọ́ ló ń gba kírẹ́díìtì lọ́dọọdún, láìku ẹnì kan, ẹ pe ilé-ìwé tó ti ń bọ̀. Ẹ bi wọ́n ní èsì JSS 3 àwọn ọmọ yẹn pẹ̀lú. Tí gbogbo wọn bá ń fò sókè lójijì ní ìdánwò àṣekágbá nìkan, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdáhùn sí pátákó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò yóò wó ẹ̀ka yín lulẹ̀, torí kò sí olùkọ́ tí yóò máa ṣe wàhálà ní JSS 1 tó bá ti mọ̀ pé wọ́n máa "ran àwọn ọmọ lọ́wọ́" níkẹyìn.

Ó wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbà á síṣẹ́. HOD tí ẹ fún ní pírọ́ọ̀dù 28 lọ́sẹ̀ kò ní àyè láti wọ kíláàsì ẹnikẹ́ni. Orúkọ lásán lẹ fún un. Ẹ dín in kù sí 15 tàbí 16, kó lè máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn náà sì máa wá jókòó sẹ́yìn tirẹ̀. Mo mọ̀ pé onílé-ìwé á ní owó ìyẹn dà. Ẹ ṣírò owó tí àwọn òbí yín ń ná sórí àtúnṣe ìdánwò àti lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé wọ́n ti ń san án tipẹ́.

Lẹ́sìn pàápàá ní ewu tirẹ̀. Kó má ṣe sí olùkọ́, pàápàá HOD, tí yóò máa gba owó lọ́tọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ́ gbogbo wọn láàárọ̀ lè di ohun tó ń dúró de àwọn olówó nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ sì máa san owó tí kò tó jẹun. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin. Olórí ẹ̀ka ìṣirò tí owó rẹ̀ rọ̀ mọ́ ibẹ̀ ń wá ọ̀nà àtilọ lójoojúmọ́. Kódà, owó tó mọ níwọ̀n tó ń wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá sàn ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń dá dúró oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Àtilọ yìí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Láti oṣù kejì 2023 ni England ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà kí wọ́n wá gba ìwé àṣẹ olùkọ́ tiwọn, olùkọ́ ìṣirò sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wá kiri níbẹ̀. Ẹni tí ẹ gbà lónìí lè ní físà lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń gba ojúlówó ìwé ẹ̀rí olùkọ́, wọ́n ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kó má bàa lọ. Ìwà ìkà ni, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fún HOD ní igbákejì láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ pé kíkọ́ igbákejì yìí wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ètò ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àti àkọsílẹ̀ àṣìṣe àwọn ọmọ kó wà nínú fáìlì ẹ̀ka, kó má ṣe wà nínú fóònù ẹnì kan. Ẹni tó bá lọ, ká kí i pé ó dàbọ̀, kí iṣẹ́ ṣì máa lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba tó ń gbọ́ mi yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo ń gbani síṣẹ́, TESCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ olùkọ́, ló ń fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí mi, ẹni tó sì dàgbà jù lẹ́nu iṣẹ́ la máa ń fi ṣe HOD." Ó yé mi. Ẹ fi ipò náà sílẹ̀ fún àgbà, ẹ má dójú tì í. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó yan ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran ẹlẹgbẹ́ lọ́wọ́, kó máa darí ìpàdé ẹ̀ka lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò nílò ìwé àṣẹ láti ibì kankan.

Àkókò wíwá ẹni yìí náà ṣe pàtàkì. Ẹ má dúró de oṣù kẹjọ. Tí sáà kẹta bá ti wọlé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ẹ gbé ìkéde jáde, nítorí àwọn ọmọ JSS ṣì wà nínú kíláàsì tí àwọn tó wá á lè kọ́ lójú yín. Kí ẹni tí ẹ bá mú wá jókòó pẹ̀lú yín nínú oṣù keje, nígbà tí ẹ bá ń ṣe ètò àkókò ẹ̀kọ́ fún ọdún tuntun. Kí ẹ tó fi ohunkóhun mìíràn sórí ètò yẹn, ẹ yọ pírọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí kò ní sí olùkọ́ ìṣirò kankan nínú kíláàsì, àti àgùnbánirọ̀ o, àti ìyá JSS 1 o. Kí gbogbo wọn mú ìwé ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta wá sídìí tábìlì kan, kí wọ́n jọ máa wo àṣìṣe tó wà níbẹ̀.